Kí Ọ̀pá-Iná Má Tíì Wálé

Mo ti jowú ènìyàn rí, mo ti jowú ajá rí, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ jowú igi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Igi náà kì í ṣe igi lásán, ẹsẹ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ bàtà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàtà ṣọ́jà là ń ṣe níbẹ̀, dúdú, onírin nídìí, tó wúwo débi pé bí a bá so méjì mọ́ erin lọ́rùn, erin á jókòó. Kí awọ tó lè di bàtà, a ní igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn, òun la máa ń na awọ mọ́. Igi ẹsẹ̀ là ń pè é. Gbogbo wọn tò sórí pẹpẹ lára ògiri, láti orí ti ẹlẹ́sẹ̀ kóńkó títí dé ti òmìrán, àfi bí ẹni pé àwọn ọmọ ogun kan gun ògiri sá lọ, tí wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n méjì wà lọ́tọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti Ọ̀pá-Iná ni. Ọ̀pá-Iná ti bá wa ṣiṣẹ́ rí, òun ló ni tábìlì tí mò ń lò kí ó tó wọṣẹ́ ológun. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi máa ń pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó kan àwa yòókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ńkọ́? Bí ó bá ń bọ̀ nílé yín, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wọlé, á ti kí ará ilé, á ti wá ibi jókòó sí, kí òun fúnra rẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ìwọ̀n bàtà tó gbà á. Nígbà tó ń lọ, ọ̀gá wa ní kí wọ́n gbẹ́ igi ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọwọ́ wa náà ni bàtà tí yóò máa wọ̀ lójú ogun yóò ti máa jáde. Ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ á dé, ewé kan péré, èmi ni wọ́n á sì gbé e fún, torí èmi ni mo jogún tábìlì rẹ̀.

Kì í ṣe tábìlì nìkan ni mo jogún.

Obìnrin kan wà tó ń rán ahọ́n bàtà, ìyẹn awọ tó máa ń wà lábẹ́ okùn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó lè gún ọ lọ́rọ̀ láàárọ̀ kí o má mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde títí wàá fi délé. Ọdún méjì ni òun àti Ọ̀pá-Iná fi fẹ́ra wọn. Ẹ̀yìn tí ọkùnrin náà lọ ni èmi yọjú. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń pa á lẹ́rìn-ín, nígbà tó di ìkẹwàá ó ní, "Àgbá, tí mo bá gbà fún ọ, ṣé wàá jẹ́ kí etí mi sinmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ó gbà. Àgbá lorúkọ tí wọ́n sọ mí, torí àgbá òfìfo ló ń pariwo. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní tèmi, ìkeje ló kà mí.

A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni.

Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí a bá ń palẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́ á mú àkísà, á lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, á nu igi ẹsẹ̀ Ọ̀pá-Iná. Á nu gìgísẹ̀, á nu ọrùn ẹsẹ̀, á fẹnu fẹ́ eruku kúrò ní ìka. Èmi tí mo ní ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ìka mi rí.

Mo bi í lọ́jọ́ kan. "Kí ló dé tó jẹ́ èyí nìkan lò ń nù?"

"Ẹ̀bá fèrèsé ló wà, eruku pọ̀ níbẹ̀."

"Eruku wà lára èmi náà."

"Tìrẹ wà nínú, àkísà ò lè débẹ̀."

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Bí ẹ bá rí àyà mi nígbà náà, ẹ lè dúró sí òdìkejì títì kí ẹ ka egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Igi ṣì kéré. Ẹ jẹ́ ká sọ ti lẹ́tà. Ìyá Ọ̀pá-Iná ń gbé ní ilé kejì sí ti Abẹ́rẹ́. Ojú ìyá ti ń ṣú, kò lè kàwé mọ́, nítorí náà Abẹ́rẹ́ ló ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fún un. Mo máa ń bá a dé ibẹ̀, mo máa ń dúró sí ìta bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, etí mi á sì gùn wọ ilé lọ bí okùn. Ẹ wò ó, ẹnu tí mo fẹ́ fẹ́, eyín rẹ̀, ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin mìíràn ló ń gbabẹ̀ jáde! "Ìyá mi ọ̀wọ́n, ara mi le." Ara rẹ̀ le! Ta ló bi í?

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ogun náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kékeré méjì kan wà lọ́nà jíjìn réré, tí odò kan là wọ́n láàárín. Èyí ní òun lòun ni odò, ìyẹn ní irọ́ ni. Orílẹ̀-èdè tiwa tóbi, ó lágbára, bó bá sín níbí, àwọn ará òkè òkun á ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́dún méje sẹ́yìn la kó ọmọ ogun lọ dúró sáàárín wọn. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà péré ni. Àwọn mìíràn ti lọ, ti bọ̀, ti tún lọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá fẹ́ pinnu ọ̀kan: ṣé ká kó àwọn ọmọ wa wálé ni, àbí ká dúró?

Rédíò ilé iṣẹ́ wa kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Tábìlì kọ̀ọ̀kan wá di ilé ìgbìmọ̀. Bàbá Awọ, àgbàlagbà tó ń gé awọ fún wa, tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó mọ àwọn kan nínú màlúù náà lójúkojú, máa ń sọ pé, "Ilé ẹni kì í jó ká máa lé eku kiri. Òrùlé ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi ń jò, owó tó yẹ kí wọ́n fi bò ó wà lẹ́nu odò ẹni ẹlẹ́ni."

Ọ̀gá wa á dá a lóhùn pé, "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Àgbà náà ò ní lọ sílé láti ọjà ni? Ọdún méje!"

Èmi ò kọ́kọ́ dá sí i. Ogun wo ló kàn mí? Ìgbà tó yá ni mo wá jókòó, mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wálé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ máa ń gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀pá-Iná á ti dé ṣáájú ìgbéyàwó mi. Á tẹ̀ síwájú pẹ̀lú aṣọ ológun, á dúró níwájú Abẹ́rẹ́, á bo oòrùn mọ́ mi lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ àwọn ará etí odò wọ̀ mí lára bí ibà. Mo gun orí àpótí, mo ní, "A ò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀! Àwọn ènìyàn wa! Ẹ̀jẹ̀ wa!"

Bàbá Awọ wò mí. "Láti ìgbà wo?"

Kò pẹ́ ni ọ̀gá mú ìwé kan wá. Aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wa fẹ́ wá gbọ́ tẹnu àwa tí à ń ṣe bàtà fún àwọn ọmọ ogun. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún "ká dúró", ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún "ẹ wálé", àwa yòókù á nawọ́. Mo ti nawọ́ kí ọ̀gá tó parí ọ̀rọ̀. "Èmi ni màá sọ ti ká dúró."

Ọ̀gá ní, "Ta ló máa sọ ti ẹ wálé?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ kan dákẹ́ lẹ́yìn mi. "Èmi ni," Abẹ́rẹ́ wí.

Ìṣòro ti dé. Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ajá tó jí ẹran.

"Kí ló kàn ọ́ nínú ká kó wọn wálé?"

"Lẹ́tà ò dé mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní.

Mo mọ̀. Mo ti jó ijó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá rẹ̀ ń bi mí lójoojúmọ́," ó ní. "Mo ti ń ka ti àtijọ́ fún un bí ẹni pé tuntun ni. Lánàá ó ní, 'Ó jọ pé ọmọ mi ti sọ èyí rí.' Mo ní bóyá ó ti ń gbàgbé nǹkan bíi ti ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Àgbá, mi ò lè ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọkùnrin gidi á ti di obìnrin yẹn lọ́wọ́ mú. Èmi ni mo bi í pé, "Nígbà tó ń kọ lẹ́tà, ṣé ó máa ń kí ọ níbẹ̀?"

Ó mú ẹsẹ̀ yá, ó fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn títí a fi dé ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Aṣòfin jókòó sórí àga ọ̀gá, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ nítorí òórùn gọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀, mo gun àpótí. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Bí ènìyàn méjì bá ń jà, tí alágbára kan wá dúró láàárín, tó di eléyìí mú lọ́rùn ọwọ́, tó di ìyẹn mú lọ́rùn ọwọ́, tó wá sọ lójijì pé, 'Ó ti rẹ̀ mí, mò ń lọ jẹun,' kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọdún méje! Èyí àkọ́kọ́ tó bá jáde, á gba odò yẹn kọjá, á gbé ẹja sókè, ẹja á máa rọ̀ lórí òrùlé wa níbí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbóhùn sókè. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Àwa la sọ fún wọn pé ẹ fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀, a wà lẹ́yìn yín. Wọ́n gbà wá gbọ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn tí wọ́n gbọ́kàn lé yìí la fẹ́ fà kúrò kí wọ́n ṣubú? Ẹni tó ní agbára tó sì mú un lọ sílé, kí ló fi yàtọ̀ sí ọ̀lẹ?"

Àtẹ́wọ́ dún bí òjò orí páànù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, n kò sì bìkítà rárá.

Abẹ́rẹ́ dìde. Kò gun àpótí.

"Ẹ bá mi bi ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí," ó ní, "kí lorúkọ odò náà?"

Mo ní, "Odò yẹn gùn, orúkọ rẹ̀ náà gùn. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, oṣù yìí á parí."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Oṣù mẹ́fà ni wọ́n wí. Ọdún méje rèé. Ọwọ́ mi ló ń rán ahọ́n bàtà wọn, mo mọ bí èyí tó ń lọ ṣe pọ̀ tó. Mi ò sọ pé ká má ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mo ní, ta ló lè sọ fún àwọn ìyá tó wà ládùúgbò yìí pé ọjọ́ báyìí ló máa parí, tàbí pé ohun báyìí la fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kí a tó kúrò? Onílàjà tí kò mọ ìgbà tó máa lọ sílé, òun náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń jà." Ó jókòó.

Wọ́n nawọ́. Mẹ́tàlélógójì ní ká dúró, méjìdínlógójì ní ẹ wálé. Mo borí. Aṣòfin bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun á sọ ọ̀rọ̀ mi nílé ìgbìmọ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Bàbá Awọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"O sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ló wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn tí ojú rẹ ò kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó o ń sọ ọ́?"

Mo ṣe bí ẹni pé ìdọ̀tí wọ̀ mí lójú.

Ilé ìgbìmọ̀ pinnu lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e: ọdún méjì sí i. A gbọ́ ọ ní rédíò, a gbọ́ aṣòfin náà tó ń ké pé ẹja á máa rọ̀ lórí òrùlé. Wọ́n gbé mi sókè nílé iṣẹ́. Ọdún méjì! Kí ó tó pé, a ó ti ṣègbéyàwó, a ó ti bímọ, ọmọ náà á ti lè lé Ọ̀pá-Iná jáde fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé iṣẹ́ Ọ̀pá-Iná dé. Ayọ̀ mi kún. Ẹni tó ń béèrè bàtà kò tíì ń bọ̀ wálé, àbí? Ìwé náà máa ń ní àpótí kékeré méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, akọ̀wé wọn á fi àmì sí méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ti ọ̀tún nìkan ló ní àmì. Wọ́n sì fa ilà gbọọrọ lórí ti òsì.

Mo ní akọ̀wé yìí ti mutí yó. Ní ilé iṣẹ́ wa, bàtà kan kì í dá jókòó. Láti ìgbà tí a bá ti gé awọ ni a ti ń fi okùn so ọ̀tún mọ́ òsì, bí tọkọtaya, wọn kì í tú u títí wọ́n fi wọ páálí. Láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí ẹni tó ṣe bàtà ẹyọ kan rí. Mo bá mú bírò, mo fi ọwọ́ ara mi sàmì sí òsì, mo gé awọ méjèèjì. Mo ń kọrin. Mo na awọ mọ́ igi ẹsẹ̀ náà, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ kú ogun níbẹ̀ o, ẹ má kánjú, kò sí ohun tó ń jó níbí."

Mo gbé e lọ fún Abẹ́rẹ́ kí ó rán ahọ́n rẹ̀. Ó ti fi okùn sí ẹ̀rọ kí ó tó bèèrè ìwé iṣẹ́ láti wo ìwọ̀n. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Ta ló sàmì sí òsì?"

"Èmi ni. Akọ̀wé wọn gbàgbé."

"Ṣé o ka ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

N kì í ka ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni mo máa ń kà. Ó fi ìka rẹ̀ hàn mí. Ibi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ bárékè sí, ojúlé ìyá Ọ̀pá-Iná ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé kí a gbé e lọ síbẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó pé, torí ẹni náà á ti délé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà, ọjọ́ méjì ni ó fi ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tí mo gun àpótí.

Abẹ́rẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn tí mo fi so bàtà méjì náà pọ̀. Ó gbé òsì kúrò níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọ̀tún, omi ojú sì ń kán sórí awọ, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kí awọ má baà ní àbàwọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọkùnrin kan ti pàdánù ẹsẹ̀, èmi sì ń ka ẹ̀kán omijé. Ó di méje. N kò rí méje gbà rí láti ọjọ́ tí mo ti ń fẹ́ ẹ. Ẹnu mi sì là.

"Ó ń bọ̀ wálé báyìí. Ṣé wàá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rọ dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń ka ìsàlẹ̀ ìwé.

"Háà," ó ní jẹ́jẹ́. "Nítorí ìyẹn ni gbogbo ariwo yẹn."

"Abẹ́rẹ́..."

"Dákẹ́. Ọ̀pá-Iná ò fi mí sílẹ̀, èmi ni mo kọ̀ ọ́. Fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò bi mí. Ó ní àwọn ènìyàn kan tí òun ò mọ̀ rí nílò òun. Mo ní kó máa lọ bá wọn. Ó tán. Igi tí mò ń nù, èèyàn tó lè kú ni mò ń nù, kì í ṣe ọkọ. Ìwọ wá fẹ́ kí gbogbo àwọn ọmọ ọlọ́mọ dúró sójú ogun fún ọdún méjì sí i kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ọ̀kan lọ sógun nítorí àwọn tí kò mọ̀. Èkejì fi èèyàn há sógun nítorí tèmi. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kí n máa sá fún?"

Mo tẹ̀ba, mo ṣa okùn tó gé jábọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ lo máa gbé bàtà yìí lọ," ó ní. "Wàá sọ ohun tó o ṣe fún un, àti ìdí tó o fi ṣe é. Tó o bá sọ ọ́, ká jọ tún jókòó sọ̀rọ̀. Tó ò bá sọ ọ́, wá ẹlòmíràn pa lẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá, mo gbé bàtà ẹyọ kan nínú páálí tó yẹ méjì. Ó ń yí gbiri gbiri nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ìyá Ọ̀pá-Iná ló ṣílẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Ó ní, "Ọmọ mi ti dé o! Wọlé, wọlé, ó ti ń retí rẹ."

Ó ń retí mi kẹ̀? Ọ̀pá-Iná jókòó lẹ́bàá tábìlì, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò ẹsẹ̀ òsì ká sókè, wọ́n fi píìnì dè é. Bó ṣe jókòó yẹn náà, ó ṣì ga jù mí lọ.

"Àgbá!" ó ké. "Jókòó! Mo gbọ́ ọ ní rédíò! Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ la wà nígbà tí aṣòfin kan ní ẹja á máa rọ̀ lórí òrùlé. Mo ní, ẹja? Ta ló tún lè sọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí tí kì í bá ṣe Àgbá? Ó sì dárúkọ ilé iṣẹ́ wa!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Kànga kan wà níbẹ̀. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún odò àti ti òsì ló ń pọnmi níbẹ̀. Bí a ò bá dúró ti kànga yẹn láàárọ̀, àwọn ọkùnrin wọn á máa yìnbọn lu ara wọn. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi lọ sí. Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé, 'Ó mà ṣe o, nítorí ogun tí kò kàn wá.' Gbogbo wọn. Ìwọ nìkan lo sọ pé ó kàn wá. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ sùn."

Ẹ wò ó, níbẹ̀ náà mo tún jowú rẹ̀. Ó ní kànga kan tó lè nawọ́ sí. Kí ni mo ní tí mo lè nawọ́ sí? Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, màá lọ sílé bí ọ̀rẹ́ rẹ̀, màá sì pàdánù Abẹ́rẹ́. Mo tún rí i pé bí mo bá sọ̀rọ̀, màá gba ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹnu mi á pa mí lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ti dé, ẹnu náà kò sì fẹ́ ṣí.

"N kò mọ orúkọ odò yẹn," mo ní.

"Kí lo sọ?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, n kò sọ ọ́ nítorí wọn. N kò mọ̀ wọ́n. N kò fẹ́ kí o wálé ni. Mo fẹ́ fẹ́ Abẹ́rẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí o bá dé, kò ní wò mí mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn."

Ìyá rẹ̀ dúró sójú kan pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọ̀pá-Iná gba páálí lọ́wọ́ mi. Ó ṣí páálí. Ó gbé bàtà náà, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ lù mí.

Bàtà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe! Onírin nídìí! Ó bà mí ní iwájú orí, mo rí àwọn ìràwọ̀ tí Ọlọ́run ò tíì dá. Mo ṣubú, mo kó àga kan mọ́ra.

"Kí ló fọ́?" ìyá bèèrè.

"Kò sí, Ìyá," Ọ̀pá-Iná ní. Ó nàka sí mi. "Gbé e padà wá."

Mo gbé e padà, mo sì ti fi ọwọ́ bo orí sílẹ̀. Kò tún un sọ. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Bá mi wọ̀ ọ́. Mi ò lè tẹ̀ba dáadáa."

Mo kúnlẹ̀. Mo fa okùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo so ó. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kán sí ilẹ̀, mo fi apá aṣọ mi nù ún. Ó yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì.

"Ó bá mi mu," ó ní. "Ó dáa. Jáde."

Abẹ́rẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ilé kejì síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wù tó gbẹ kúrò lórí okùn. Ó wo iwájú orí mi. Kókó tó wà níbẹ̀ ti tó ẹyin adìyẹ.

"O sọ fún un," ó ní.

"Mo sọ fún un."

Ó wọlé, ó fi omi rin aṣọ kan, ó gbé e lé mi lórí. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ̀, kò sì le. Mo ní, "Ọjọ́ Sátidé yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe Sátidé yẹn."

"Èwo wá ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Di aṣọ yẹn mú fúnra rẹ." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo fẹ́ lọ kí wọn."

"Àwọn wo?"

"Ọ̀pá-Iná àti ìyá rẹ̀. Ṣé kí n má lọ ni?"

Gbogbo egungun àyà mi dìde dúró. Mo ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀kan ń ti èkejì. Mo ní, "Máa lọ."

Ó lọ. Ilẹ̀kùn ìyá ṣí, ó sì padé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, omi ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín nínú ilé, ti ìyá, ti Ọ̀pá-Iná, tí èyí tó mú jù sì jẹ́ ti Abẹ́rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo gbàdúrà kó jẹ́ èmi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì fẹ́ gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn kí n lọ gbọ́. Mo fi ọwọ́ kan di aṣọ mọ́ orí, mo fi ìkejì di eékún mi mú, mo sì jókòó síbẹ̀.